Kí ló dé tí àtòjọ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ fi ń pa ọmọ mi lẹ́kún?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ń kàwé gboyè kejì ní Yunifásítì Florida, ní Gainesville. Láti ìgbà tó ti débẹ̀ ló ti di alátìlẹ́yìn paraku fún ikọ̀ bọ́ọ̀lù wọn, Gators. Nígbà tí àtòjọ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ sáà tó ń bọ̀ jáde, ó pè mí, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n jà lólè. Ó ní, "Dádì, wọ́n ti pa wá." Bẹ́ẹ̀, wọn ò tíì gbá bọ́ọ̀lù kankan o! Èmi tí mo ti ń wo Premier League láti ọjọ́ pípẹ́, mo mọ̀ pé gbogbo ẹgbẹ́ ló máa pàdé ara wọn nílé àti lóde, àtòjọ kì í ṣojúsàájú. Kí ló wà nínú àtòjọ tiwọn tó ń fa ẹkún? Ṣé èèyàn tilẹ̀ lè fi àtòjọ mọ bí sáà yóò ṣe rí? — Bàbá kan, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú ìbéèrè o, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ. Ọmọ yín kò ṣàṣejù. Lójú ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe bọ́ọ̀lù yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ tí àtòjọ bá jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe pàtàkì tó ọjọ́ eré gan-an. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n tọ́. Ohun tí mo kàn ń bá àwọn alátìlẹ́yìn jà sí ni pé ibi tí wọ́n ń wò nínú àtòjọ náà kì í sábà jẹ́ ibi tí ewu wà. Orúkọ àwọn alátakò ni wọ́n ń kà, bẹ́ẹ̀ bí àwọn eré náà ṣe tẹ̀lé ara wọn ló yẹ kí wọ́n kà. N ó ṣàlàyé, n ó sì fi sáà 2024 ti Gators ṣe àpẹẹrẹ, nítorí a ti rí ìparí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ Premier League. Ẹgbẹ́ 20, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38. Ẹni tó bá wá bá Arsenal ní Emirates, Arsenal náà á lọ bá a nílé tirẹ̀. Bí Manchester City bá le, gbogbo wọn ni yóò jẹ nínú líle rẹ̀. Líìgì tiwa nílé náà kò yàtọ̀; kò sí ọgbọ́n tí 3SC lè dá láti má pàdé Enyimba. Nítorí náà, ẹni tó ní àmì tó pọ̀ jù ló gba ife, kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀.

Ti àwọn yunifásítì kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Florida wà nínú líìgì kan tí wọ́n ń pè ní SEC. Láti oṣù Keje ọdún 2024 tí Texas àti Oklahoma ti wọlé, ẹgbẹ́ 16 ló wà níbẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 12 péré ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá kí wọ́n tó ka àwọn tó yege, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ Sátidé lọ́pọ̀ ìgbà. Nínú 12 yẹn, 8 nìkan ni ti líìgì ní ọdún 2024 àti 2025. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ẹ ní alábàádíje 15, ẹ óò pàdé 8, 7 yòókù ẹ kò ní fojú kàn wọ́n. Ta ni àwọn 8 yẹn? Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ méjì lè parí sáà pẹ̀lú iye ìṣẹ́gun kan náà, kí ọ̀kan ti pàdé mẹ́fà nínú àwọn alágbára, kí èkejì má pàdé ju ẹyọ kan lọ. Kò sì sí àbọ̀ eré. Ẹni tó bá nà yín lóṣù Kẹsàn-án, ó di ọdún mìíràn, nígbà míì ó di ọdún bíi mélòó kan, kí ẹ tó tún rí i gbẹ̀san. Ní gbogbo Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ tó wà ní ìpele tó ga jù lé ní 130, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í pàdé ara wọn láyé. Nítorí náà, ẹni tí ẹ bá pàdé wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣèdájọ́ yín.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó má rú yín lójú: bọ́ọ̀lù tí à ń sọ yìí kì í ṣe ti ẹsẹ̀. Èyí tí wọ́n ń gbé sáré, tí wọ́n ń jù, tí àwọn géńdé ń kọlu ara wọn ni. Ẹni tó bá gbé e dé òpin pápá gba àmì 6 lẹ́ẹ̀kan, ìdí nìyẹn tí ẹ óò fi máa rí èsì bíi 41 sí 17.

Ta ló ń ṣe àtòjọ? Ọwọ́ méjì ló ń ṣe é. Ọ́fíìsì líìgì ló ń pín àwọn eré líìgì. Àwọn tó kù, yunifásítì fúnra rẹ̀ ló ń wá alátakò sí i, nípasẹ̀ àdéhùn tí wọ́n máa ń bu ọwọ́ lù lọ́pọ̀ ọdún ṣáájú. Àdéhùn kan wà tó jẹ́ ẹ wá sílé wa lónìí, àwa náà á wá sílé yín lọ́la. Bí Florida àti Miami ṣe ṣe tiwọn nìyẹn: Gainesville ní 2024, ọ̀dọ̀ Miami ní 2025. Òmíràn wà tí ẹgbẹ́ ńlá ti ń fi hàn pé òun ni àgbà: UCF tó wà ní Orlando gbà láti wá sí Gainesville lẹ́ẹ̀mejì, kí Florida sì wá sọ́dọ̀ tiwọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tó kù ni ti owó. Yunifásítì ńlá á sanwó gọbọi fún kékeré pé kó wá sílé òun, kó wá jìyà díẹ̀, kó sì gbé owó lọ fi bọ́ ẹ̀ka eré ìdárayá rẹ̀.

Ìyẹn náà máa ń já wọn kulẹ̀ o. Ní 2022, Texas A&M san mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là fún Appalachian State kó wá; Appalachian State gbowó, wọ́n sì nà wọ́n ní 17 sí 14. Florida alára ti mu nínú omi yìí. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 2013, Georgia Southern, tó wà ní ìpele ìsàlẹ̀ nígbà náà, wá sí Gainesville. Jálẹ̀ eré náà, kò sí bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tí wọ́n jù tó dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n jù ú sí. Sísáré ni wọ́n fi gbé gbogbo rẹ̀, wọ́n sì borí ní 26 sí 20. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú alátìlẹ́yìn Gators títí di òní, kó ṣáà dárúkọ Georgia Southern. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá fojú pa eré kan rẹ́ nínú àtòjọ pé "èyí ti wọlé ná," ẹ rán an létí rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí 2024.

Líìgì kéde àwọn alátakò ní oṣù Kẹfà 2023; ọjọ́ tí wọn yóò gbá a jáde ní alẹ́ ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún náà. Ẹ wo ipò tí àwọn alátìlẹ́yìn wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Florida ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sáà pẹ̀lú ìṣẹ́gun 5 àti ìpàdánù 7, eré márùn-ún tó kẹ́yìn ni wọ́n pàdánù léraléra. Florida yìí ni Steve Spurrier fi gba ife orílẹ̀-èdè ní 1996, tí Urban Meyer tún fi gbà á ní 2006 àti 2008. Ẹni tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, tó sì wá ń ka ìpàdánù méje, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Nínú ipò yìí ni wọ́n wà tí wọ́n fi rí i: Miami, Samford, Texas A&M, Mississippi State níta, UCF, Tennessee níta, Kentucky, Georgia ní Jacksonville, Texas níta, LSU, Ole Miss, Florida State níta.

Mọ́kànlá nínú méjìlá ló wá láti inú àwọn líìgì ńlá. Samford nìkan ni ọmọ kékeré ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníròyìn eré ìdárayá sọ pé kò sí àtòjọ tó le tó o ní gbogbo Amẹ́ríkà lọ́dún náà, mi ò sì rí ẹni tó bá wọn jiyàn rẹ̀ gidi. Àwọn alátìlẹ́yìn ṣe ohun tí gbogbo alátìlẹ́yìn ń ṣe: wọ́n mú bírò, wọ́n ń kọ "a wọlé" tàbí "a wọgbó" sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan rí ìṣẹ́gun mẹ́rin, àwọn tó nírètí rí mẹ́jọ. Àwọn kan bú líìgì pé wọ́n kórìíra Florida. Àwọn mìíràn, tí mo rò pé wọ́n rí ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ jù, kọjú ìbínú sí ilé ara wọn: ta ló fọwọ́ sí i pé ká pàdé Miami, UCF àti Florida State pa pọ̀ lọ́dún kan, nígbà tó jẹ́ pé àwa la ni àwọn eré wọ̀nyẹn, kì í ṣe líìgì? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Florida State kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n ń pàdé láti 1958, àfi ọdún 2020. Ti Miami àti UCF ni ẹnì kan ti tò jọ láti ọdún pípẹ́. Nígbà tí wọ́n sì ń bá UCF ṣàdéhùn, UCF kò tíì wọ líìgì ńlá. Ọdún 2023 ni wọ́n wọ Big 12. Ọwọ́ ti bọ ìwé kí eré náà tó wúwo.

Wàyí o, ohun tí mo ń sọ nípa orúkọ nìyí. Lálẹ́ tí àtòjọ jáde, eré tó dẹ́rù bani jù lójú ọ̀pọ̀ èèyàn ni èyí tó kẹ́yìn, Florida State ní Tallahassee. Kò sì yani lẹ́nu. Florida State ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá eré 13, wọ́n borí 13. Ẹgbẹ́ yẹn dára débi pé gbogbo Amẹ́ríkà ń bínú nítorí wọn lọ́wọ́ ìgbà náà, nítorí ìgbìmọ̀ tó ń yan àwọn tó máa du ife kò mú wọn, wọ́n ní quarterback wọn, ìyẹn ẹni tó ń darí eré tó sì ń ju bọ́ọ̀lù, Jordan Travis, ti kán lẹ́sẹ̀. Ta ni yóò fẹ́ parí sáà rẹ̀ nílé irú wọn? Nígbà tí oṣù Kọkànlá 2024 fi máa dé, Florida State ti wó lulẹ̀. Àwọn òṣèré wọn ti lọ sí NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ ṣe, àwọn tó rọ́pò wọn kò sì tó wọn. Eré méjì péré ni wọ́n borí nínú 12. Gators lọ bá wọn nílé, wọ́n nà wọ́n ní 31 sí 11.

Apá kejì rẹ̀ ni Miami. Eré àkọ́kọ́, ilé wa, inú pápá Ben Hill Griffin tó ń gba èèyàn 88,548, nínú oòrùn oṣù Kẹjọ tí ó máa ń tán àlejò lókun. Ọ̀pọ̀ kọ "a wọlé" síbẹ̀. Ohun tí kò sẹ́ni tó lè mọ̀ lóṣù Kejìlá ni pé oṣù kan lẹ́yìn náà, quarterback kan, Cam Ward, yóò ti Washington State bọ́ sí Miami. Ní Amẹ́ríkà nísinsìnyí, agbábọ́ọ̀lù lè fi yunifásítì kan sílẹ̀ kó wọ òmíràn, kó sì gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún kan náà. Ward ni wọ́n wá kọ́kọ́ mú ṣáájú ẹnikẹ́ni nínú yíyan àwọn òṣèré tuntun sí NFL ní 2025. Miami na Florida ní 41 sí 17. Bírò àwọn alátìlẹ́yìn ṣì méjèèjì, ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn, nítorí orúkọ ọdún tó kọjá ni wọ́n kà.

Ẹ wá jẹ́ ká ka àtòjọ kan náà bí ó ṣe yẹ. Ọ̀sẹ̀ ìsinmi méjì ni Florida ní lọ́dún náà: ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án àti ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá. Lẹ́yìn ìsinmi kejì, ẹ wo bó ṣe tò: ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá, Georgia, ọjọ́ 9, Texas, ọjọ́ 16, LSU, ọjọ́ 23, Ole Miss, ọjọ́ 30, Florida State. Sátidé márùn-ún gbáko, kò sí èémí. Ẹ̀yin tí ẹ wà n'Ìbàdàn, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ: òde ńlá márùn-ún láàárín ọdún kan kò ní nǹkan kan í ṣe fún èèyàn, àmọ́ bí wọ́n bá dá márààrún sí Sátidé márùn-ún tó tẹ̀lé ara wọn, àpò á gbẹ, ara á kọ̀. Nínú eré tí wọ́n ti ń kọlura bí àgbò, ara ni ó kọ́kọ́ ń kọ̀.

Bó sì ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ní Tennessee, ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá, Graham Mertz tó jẹ́ quarterback wọn já iṣan orúnkún, sáà rẹ̀ parí. Wọ́n pàdánù eré náà ní 23 sí 17 lẹ́yìn àfikún àkókò. DJ Lagway, ọmọ ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì, gba ipò. Ó fi Kentucky wẹ̀ ní 48 sí 20, gbogbo Gainesville ń jó. Ní Jacksonville, bí wọ́n ṣe ń bá Georgia fà á lọ́wọ́, òun náà fara pa, wọ́n pàdánù ní 34 sí 20. Ọjọ́ méje péré ló wà láàárín ìyẹn àti Texas. Ẹni tí wọ́n fi ṣe quarterback ní Austin ni Aidan Warner, ọmọ tí kò tilẹ̀ gba sikọ́láṣíìpù bọ́ọ̀lù. Texas ní tiwọn ti sinmi lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ara wọn jí pépé, Florida sì ti rin ìrìn tó ju kìlómítà 1,400 lọ dé ọ̀dọ̀ wọn. Èsì: 49 sí 17. Ìsinmi tí Texas ní tí Florida kò ní wà nínú àtòjọ láti oṣù Kejìlá tó kọjá, gbogbo ẹni tó bá wo ọjọ́ dípò orúkọ ló lè rí i. Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ yín máa wò nìyẹn: ta ló sinmi kó tó pàdé wa, ta ni àwa sinmi kí á tó pàdé, ibo la ti ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú.

Lẹ́yìn Austin, Florida wà ní ìṣẹ́gun 4 àti ìpàdánù 5. Ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìṣẹ́gun 6 kó tó lè gbá eré ìparí ọdún tí wọ́n ń pè ní bowl. Wọ́n ti fẹ́ lé akọ́nimọ̀ọ́gbá Billy Napier. Kí wọ́n tó gbá ti Austin ni ọ̀gá ẹ̀ka eré ìdárayá, Scott Stricklin, ti kéde pé yóò dúró, kí ariwo lè rọlẹ̀ díẹ̀. LSU àti Ole Miss ló kàn, méjèèjì wá sílé. LSU dé ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí Alabama ti lù wọ́n bí ẹní lu bàrà, 42 sí 13. Lagway padà wọ pápá. Florida 27, LSU 16. Ole Miss ní tiwọn ti sinmi, wọ́n sì ti na Georgia kí wọ́n tó wá. Ìlànà tí mo ń sọ yìí ìbá sọ pé àwọn ni yóò borí. Florida 24, Ole Miss 17. Nítorí náà, mi ò sọ fún yín pé ọjọ́ ìsinmi ló ń gbá bọ́ọ̀lù. Ariwo èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 90,000 nínú pápá tí wọ́n ń pè ní The Swamp máa ń yí ìṣirò padà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé àtòjọ ló fi eré méjì yẹn sí ilé, lásìkò tí wọ́n nílò ilé jù. Bí LSU àti Ole Miss bá wà níta, tí Texas sì wà nílé, mo gbà gbọ́ pé à bá máa sọ ìtàn mìíràn. Ìṣẹ́gun 7, ìpàdánù 5 ni wọ́n parí sí, wọ́n tún na Tulane ní bowl, 33 sí 8.

Ìpàdánù Ole Miss ní Gainesville yẹn ló jẹ́ kí n dé orí ohun tó ń mú àwọn alátìlẹ́yìn fi ọwọ́ lérí jù. Láti 2014 títí dé sáà 2023, ẹgbẹ́ mẹ́rin péré ló ń du ife orílẹ̀-èdè. Láti sáà 2024, ó di 12. Márùn-ún nínú àyè náà jẹ́ ti àwọn tó gba ife líìgì wọn, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 13 ló ń jókòó yan àwọn yòókù. Ìgbìmọ̀ yẹn ni ẹni tí wọ́n ń rò lọ́kàn bí wọ́n ṣe ń ka àtòjọ. Ní 2024, Indiana wọlé pẹ̀lú ìṣẹ́gun 11 àti ìpàdánù 1, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àtòjọ wọn fúyẹ́. SMU náà wọlé pẹ̀lú ìpàdánù méjì. Alabama, South Carolina àti Ole Miss, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pàdánù mẹ́ta nínú SEC tó le koko, jókòó sílé wò wọ́n. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán: ṣé kí ẹgbẹ́ wá alátakò tó le kó fi hàn pé òun le ni, àbí kó wá èyí tó rọrùn kí ìpàdánù má pọ̀? Èrò tèmi ni pé ìgbìmọ̀ ṣì ń ka iye ìpàdánù ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tó bá sì ti rí 2024 yóò ronú lẹ́ẹ̀mejì kó tó tún bá ẹgbẹ́ ńlá ṣàdéhùn. Ìpalára rẹ̀ fún àwa tí à ń wòran pọ̀.

Àtòjọ fífúyẹ́ kì í sì í ṣe ìtìjú bí àwọn kan ṣe ń pariwo. Ẹ wo Michigan ní 2022. Ìṣísẹ̀ wọn jẹ́ Colorado State, Hawaii àti UConn, gbogbo rẹ̀ nílé: 51 sí 7, 56 sí 10, 59 sí 0. Àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ mìíràn fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àmọ́ láàárín ìlà iwájú ẹgbẹ́ yẹn ni Olusegun Oluwatimi wà, ọmọ tiwa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Virginia dé. Ó ń mọ bí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣe ń gbéra, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò sí wàhálà sì dára fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ilé Ohio State ní òpin oṣù Kọkànlá, wọ́n nà wọ́n ní 45 sí 23. Oluwatimi gba àmì ẹ̀yẹ Outland àti Rimington lọ́dún náà.

Ẹ tún wo ọmọ wa mìíràn, Oluwafemi Oladejo ti UCLA, ní 2024. Ọdún yẹn ni UCLA wọ Big Ten, líìgì tí púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní apá kejì Amẹ́ríkà. Láti Los Angeles, wọ́n lọ sí Hawaii, sí LSU, sí Penn State, sí Rutgers ní New Jersey tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 4,000, sí Nebraska, sí Washington. Nígbà tí àtòjọ yẹn jáde, ohun tí àwọn alátìlẹ́yìn UCLA ń sọ kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni, ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ń sọ. Wọ́n parí pẹ̀lú ìṣẹ́gun 5 àti ìpàdánù 7. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ka tiwọn.

Nǹkan kan wà tí ọmọ yín lè má sọ fún yín lórí fóònù, àmọ́ tó wà nínú ìdùnnú tàbí ìbànújẹ́ ọjọ́ àtòjọ: ètò ìgbésí ayé wọn ló wà níbẹ̀. Yàrá òtẹ́ẹ̀lì tó wà ní Gainesville kò tó nǹkan, bí ọjọ́ eré ńlá bá ti hàn, wọ́n á ti gbà wọ́n tán. Ọ̀pọ̀ ìdílé tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù kì í dá ọjọ́ ìgbéyàwó sí ìgbà ìwọ́wé títí wọn yóò fi rí àtòjọ, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí ó bá bọ́ sí Sátidé tí Georgia ń bọ̀, ìjókòó á ṣófo. Àtòjọ kì í sì í sọ wákàtí gbogbo eré. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló ń mú aago, nígbà míì ó máa ń ku ọjọ́ mẹ́fà péré. Ẹni tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ á ti san owó ọkọ̀ kó tó mọ̀ bóyá ọ̀sán ni àbí alẹ́.

Láti 2026, nǹkan yí padà. SEC gbé eré líìgì láti 8 sí 9. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní alátakò mẹ́ta tí wọn yóò máa pàdé lọ́dọọdún, mẹ́fà yòókù á máa yí ká, tí ó fi jẹ́ pé láàárín ọdún méjì, gbogbo wọn yóò ti pàdé ara wọn. Ti Florida ni Georgia, Kentucky àti South Carolina. Tennessee kò sí nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni LSU, ó sì dun àwọn àgbà alátìlẹ́yìn gan-an, nítorí àwọn méjèèjì ni wọ́n ti ń rí lọ́dọọdún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi fara mọ́ ètò tuntun yìí. Ó sún mọ́ ohun tí ẹ mọ̀ nínú Premier League díẹ̀, ó sì dín ẹ̀sùn ojúsàájú kù. Eré Georgia pàápàá kúrò ní Jacksonville, níbi tó ti wà láti 1933 yàtọ̀ sí ọdún péréte, nítorí pé wọ́n ń tún pápá ibẹ̀ ṣe: Atlanta ní 2026, Tampa ní 2027. Atlanta jẹ́ ilẹ̀ Georgia. Bí ohùn ọmọ yín bá yí padà lórí ìyẹn, ó ní ẹ̀tọ́.

Bó bá tún pè yín, ẹ má ṣe béèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ pàdé. Ẹ ní kó ka ọjọ́ wọn fún yín, láti oṣù Kẹwàá dé ìparí oṣù Kọkànlá, kó sì fi ìka sí ibi tí ìsinmi wà. Kó wá wò ó bóyá ẹni tó ń bọ̀ wá bá wọn lọ́sẹ̀ kejì ti sinmi ṣáájú. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé bí quarterback wọn bá fara pa ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá, ta ni yóò gbá ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ṣé ilé ni àbí ìta.